Fóònù tàbí abúlé: bí a ṣe ń kọ «yálà èyí tàbí ìyẹn» nínú XML Schema

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kajú ní Kàbà ni mò ń bá kó orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sínú XML (fáìlì tí a ti ń fi àmì yí ìsọfúnni kọ̀ọ̀kan ká), XML Schema ni mo sì fi ń kọ òfin tí fáìlì náà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé. Mo fẹ́ kí olúkúlùkù ní nọ́ńbà fóònù, tàbí abúlé tí a ti lè rí i, tàbí méjèèjì, torí àwọn àgbà kan láti Bùnú ò ní fóònù rárá. Mo to ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú xs:choice (ibi tí a ti ń mú ọ̀kan ṣoṣo), ni xmllint, irinṣẹ́ tó ń yẹ fáìlì XML wò, bá ní «The content model is not determinist» (pé ìlànà mi kò ṣe pàtó). Kí ni mo ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Okun o. Ohun tí ẹ fẹ́ kò burú, bí ẹ ṣe tò ó ló dá wàhálà sílẹ̀. Nínú ọ̀nà mẹ́ta yẹn, méjì ló fi foonu bẹ̀rẹ̀. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Unique Particle Attribution: bí xmllint bá ṣe ń pàdé foonu ló gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́, láì kọ́kọ́ yọjú wo ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ fojú inú wo awakọ̀ tó dé oríta, tí àkọlé apá ọ̀tún àti ti òsì jọ kọ «Ìsánlú». Èwo ni kó yà sí? RELAX NG, èdè mìíràn tí a fi ń kọ irú òfin bẹ́ẹ̀, ò ka irú èyí sí ẹ̀ṣẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n XML Schema ò gbà á.

Ẹ pa àwọn tó fi foonu bẹ̀rẹ̀ pọ̀ sójú kan:

<xs:choice>
  <xs:sequence>
    <xs:element name="foonu" type="xs:string"/>
    <xs:element name="abule" type="xs:string" minOccurs="0"/>
  </xs:sequence>
  <xs:element name="abule" type="xs:string"/>
</xs:choice>

Ẹ wò ó pé abule tó tẹ̀lé foonu nìkan ni minOccurs="0" (ìyẹn ni pé ó lè má sí) wà lára rẹ̀. Àwọn kan á fi í sára foonu àti abule nínú xs:sequence (àwọn ohun tó ń tẹ̀léra) kan ṣoṣo. Kò ní mú àṣìṣe wá, àmọ́ ẹni tí kò kọ fóònù, tí kò kọ abúlé, á wọlé wẹ́rẹ́. Kí wá ni a ń yẹ̀ ẹ́ wò fún?

Ẹ̀ẹ̀mejì ni abule fara hàn, irú (type) kan náà tó ní orúkọ ni kí méjèèjì sì máa lò. Bí ẹ bá fẹ́ dín àwọn abúlé kù sí àwọn tí ẹgbẹ́ mọ̀, ẹ kọ xs:simpleType náà (àpèjúwe irú ọ̀rọ̀ tó lè wọlé) síta, kí ẹ fún un lórúkọ. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú abule kọ̀ọ̀kan, òfin XML Schema ò gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà gẹ́lẹ́. (Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi xs:integer sí foonu o. Ibi tí wọ́n bá ti kà á bíi nọ́ńbà, òdo iwájú 0803 ti lọ nìyẹn.)

Bí àwọn akọ̀wé yín bá ń kọ abúlé ṣáájú fóònù nígbà mìíràn, ẹ sọ abule ìsàlẹ̀ di xs:sequence tirẹ̀, kí foonu tẹ̀lé e pẹ̀lú minOccurs="0". Ìyẹn náà á kọjá.

Ẹ lè gbọ́ nípa xs:alternative, tó ń jẹ́ kí irú yí padà bí ipò bá ṣe rí, tó dé pẹ̀lú XSD (ìkékúrú XML Schema) 1.1 lọ́dún 2012. Átíríbúùtì (ohun tí a kọ sínú àmì ìbẹ̀rẹ̀) nìkan ni ó lè wò, bíi iru="egbe" tàbí iru="eniyan"; kò rí foonu tó wà nínú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, 1.0 ni xmllint mọ̀.