Ta ló ṣáájú àtúnṣe ààbò ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà lẹ́yìn ọdún 2005?

Dókítà Harold Demuren ni. Òun ni ọ̀gá àgbà NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú, láti òpin ọdún 2005.

Àsìkò burúkú ni. Ní October 22, bàálù Bellview já ní abúlé Lísà, ìpínlẹ̀ Ògùn, èèyàn 117 kú. Oṣù méjì ò tíì pé tí ti Sosoliso fi já ní Port Harcourt, tó pa 108. Ọgọ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọ iléèwé kan ṣoṣo ní Àbújá, wọ́n ń lọ sílé fún Kérésì.

Lójú tèmi, òfin ọdún 2006 ló ṣe kókó jù. Ó fún NCAA lómìnira, ó sì fìdí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì múlẹ̀ fún un àtàwọn àjọ ẹgbẹ́ rẹ̀: tíkẹ́ẹ̀tì ₦100,000, ₦5,000 tiwọn. (Olùyẹ̀wò tó ń wojú mínísítà fún owó, ṣé ó lè dá bàálù ẹnikẹ́ni dúró?)

Ní August 2010, FAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, gbé Nàìjíríà sí Category 1, ìyẹn ipò tó fi hàn pé àmójútó ààbò ọkọ̀ òfuurufú orílẹ̀-èdè kan bá ìlànà àgbáyé mu. Àjọ tó ń ṣọ́ àwọn iléeṣẹ́ bàálù ni wọ́n yẹ̀ wò o, kì í ṣe àwọn iléeṣẹ́ náà.

Àmọ́ ní June 3, 2012, bàálù Dana já lé ilé lórí ní Ìjù-Ìṣàgá, l'Ékòó. Gbogbo èèyàn 153 inú rẹ̀ ló kú. Ní March 2013, Ààrẹ Jonathan yọ Demuren nípò.