Irú sodium carbonate wo ni kí n rà láti po oògùn D-72 tí a fi ń fọ fọ́tò?

Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ “anhydrous” tàbí “monohydrate” sí lára ike rẹ̀, kí ẹ sì fi “decahydrate” sílẹ̀. Kẹ́míkà kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àfi pé omi inú wọn kò dọ́gba: anhydrous kò ní omi rárá, monohydrate ní díẹ̀, ṣùgbọ́n omi ni ó ju ìdajì ìwọ̀n decahydrate lọ. Nítorí náà, gíráàmù 67.5 ti anhydrous tí ìlànà D-72 ń béèrè fún lítà kan yóò di nǹkan bí 80 bí ó bá jẹ́ monohydrate, yóò sì tó nǹkan bí 182 bí ó bá jẹ́ decahydrate. Ohun tó tún burú ni pé omi ara decahydrate máa ń gbẹ dànù sínú afẹ́fẹ́, tí àwọn hóró rẹ̀ tó ń dán bíi dígí yóò sì di ìyẹ̀fun funfun, débi pé ẹ kò ní mọ ohun tí ẹ ń wọ̀n mọ́. Monohydrate ni èmi fara mọ́ jù, nítorí kì í tètè yí padà nínú ike. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kọ́sítíìkì sódà tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò rọ́pò rẹ̀, nítorí ó le jù ú lọ fíìfíì, ó sì ń jó ara.