Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé òótọ́ ni pé òjé wà nínú tíì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Agbègbè Tákìí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, mo sì wà nínú oyún. Láràárọ̀ ni mo máa ń se àpò tíì méjì nínú ìkòkò kékeré tí wọ́n rọ ní ìlú wa níbí. Màá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, màá sì jẹ́ kó hó títí yóò fi dúdú. Àbúrò ọkọ mi ní òjé àti àwọn irin olóró mìíràn wà nínú tíì. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o, ìyá wa. Òótọ́ ni àbúrò ọkọ yín sọ. Ilẹ̀ kíkan, ìyẹn ilẹ̀ tó ní ásíìdì, ni igi tíì fẹ́ràn, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ a sì máa jẹ́ kí alumíníọ́mù, ọ̀kan lára àwọn irin mìíràn tí ẹ mẹ́nu kàn, inú rẹ̀ yọ́ débi tí gbòǹgbò yóò fi fà á mu, tí ewé yóò sì kó o pamọ́. Ìdí nìyẹn tí ewé tó ti gbó fi ń ní in ju ọ̀mùnú lọ. Ní ti òjé, ó lè wá láti inú ilẹ̀, ó sì lè jẹ́ eruku àti èéfín tó bà lé ewé, èyí tí wọn kì í sábà fọ̀ kí wọ́n tó sá a.

Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ kan ní Kánádà gbé ìwádìí jáde lórí oríṣi tíì 30 tí wọ́n ń tà nínú àpò, òjé sì wà nínú gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n rẹ ẹ́ tán. Nígbà tí wọ́n rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 3, ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kà sí ewu fún aláboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn. Ní ìṣẹ́jú 15, ó di ìdá 83. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé kéèyàn ṣáà ti tètè yọ àpò náà kúrò. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n 73 kò jìnnà sí 83, nítorí náà iye ife tí ẹ ń mu ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù.

Ohun tó tiẹ̀ kó mi láyà sókè jù nínú lẹ́tà yín ni ìkòkò yẹn. Àlòkù irin oríṣiríṣi, títí kan ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ni wọ́n sábà máa ń yọ́ pọ̀ fi ṣe irú rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ní Kamẹrúùnù fi hàn pé òjé máa ń jáde lára rẹ̀ bí wọ́n bá fi se ohun kíkan, ọsàn wẹ́wẹ́ sì rèé, kíkan ni. Òjé inú ẹ̀jẹ̀ ìyá a máa kọjá sára ọlẹ̀, a sì máa ṣàkóbá fún ọpọlọ rẹ̀; Àjọ Ìlera Àgbáyé kò sì mọ ìwọ̀n òjé kankan tí kò léwu.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìkòkò tí kì í dípẹtà se omi yín, kí ẹ da omi gbígbóná náà sórí àpò tíì kan nínú ife, kí ẹ yọ ọ́ ní ìṣẹ́jú 3, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fún ọsàn sí i. Ẹ má mu ún mọ́ oúnjẹ tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún yín ní ilé ìwòsàn, torí tíì kì í jẹ́ kí ara rí áyọ́ọ̀nù, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, gbà dáadáa, ara tí áyọ́ọ̀nù kò sì tó nínú rẹ̀ a túbọ̀ máa gba òjé sára. Ẹ sọ gbogbo èyí fún nọ́ọ̀sì yín, kí wọ́n lè pinnu bóyá ó yẹ kí wọ́n yẹ òjé wò nínú ẹ̀jẹ̀ yín.

Bí ọmọ kékeré bá wà nílé, ẹ má fi ìkòkò náà ro ẹ̀kọ fún un mọ́. Ògì pẹ̀lú kan, òjé tí ara ọmọdé ń gbà nínú ohun tó jẹ sì lè tó ìlọ́po 4 sí 5 ti àgbàlagbà.