Rọ́bọ́ọ̀tì Mi Fi Ìyá Mi Sílẹ̀ Lọ́jà, Ó Yà Sí Ìsọ̀ Aláta

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣe rọ́bọ́ọ̀tì onítáyà mẹ́rin kan, mo fi kámẹ́rà àti Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré kan, sí i, kí ó lè máa gbé ẹrù tẹ̀lé ìyá mi ní Ọjà Atakúnmọ́sà níbí ní Ilẹ́ṣà. Gèlè pupa tí wọ́n máa ń wé ni mo ní kí ó máa wò. Nínú ọgbà ilé wa, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n bí a ṣe dé ọjà, ìsọ̀ aláta ló yà sí. Bí ó bá sì ti sún mọ́ ìyá mi, ṣe ni yóò máa jà sọ́tùn-ún jà sósì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe sí i?
Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, Ilẹ́ṣà

ÌDÁHÙN: Rọ́bọ́ọ̀tì yín kò ṣẹ̀. Pupa ni ẹ ní kí ó máa wò, ibi tí pupa pọ̀ sí jù ló sì gbà lọ. Lójú kámẹ́rà, nọ́ńbà lásán ni àwòrán: píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ẹyọ àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ní iye pupa, iye àwọ̀ ewé àti iye búlúù, àwọn iye wọ̀nyí sì máa ń yí padà bí ènìyàn bá ti inú oòrùn bọ́ sábẹ́ ìbòòji. Bí ẹ bá lo HSV, ọ̀nà mìíràn láti fi nọ́ńbà kọ àwọ̀, tó ya àwọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìmọ́lẹ̀, oòrùn kò ní dà á láàmú tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò ní mọ gèlè yàtọ̀ sí tàtàṣé.

Ìrísí ènìyàn ni kí ẹ jẹ́ kí ó máa wá. Ní 2005, Navneet Dalal àti Bill Triggs, tí wọ́n ń ṣe ìwádìí ní ilẹ̀ Faransé, gbé ọ̀nà kan jáde tó ń wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pààlà nínú àwòrán, àti ìhà tí ààlà náà kọjú sí, láti fi mọ̀ bóyá ènìyàn ló dúró níbẹ̀. Ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú OpenCV, àkójọ ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ àwòrán. Àwọn ètò tó dé lẹ́yìn rẹ̀, irú bíi YOLO, dá ènìyàn mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èyí tó fúyẹ́ jù nínú wọn ni kí ẹ gbé sórí Raspberry Pi, kí ó má bàa máa fà.

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà ni pé dídá ènìyàn mọ̀ kì í ṣe dídá ìyá yín mọ̀. Láàárín ọjà, gbogbo ẹni tó ń kọjá ni ètò náà yóò fi ìlà yí ká. Ẹ ní kí ó yan ẹni tó wà nítòsí ibi tí ìyá yín wà nínú àwòrán tó kọjá, tí àwọ̀ aṣọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ sì bá tiwọn mu. (Lọ́jọ́ aṣọ ẹbí, àwọ̀ kò wúlò rárá.) Bí ẹnìkan bá gba àárín wọn kọjá, kí ó ní sùúrù fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, bí kò bá tíì rí màmá, kí ó dúró pátápátá kí ó sì fọn fèrè. Èmi kò ní gba rọ́bọ́ọ̀tì tó bá yan ìyá mìíràn fúnra rẹ̀. Kódà, ArUco ni èmi ìbá kọ́kọ́ gbìyànjú: ìwé onígun mẹ́rin dúdú àti funfun tí nọ́ńbà tirẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí OpenCV sì mọ̀ ọ́n kà, tí ẹ lè lẹ̀ mọ́ báàgì tí màmá bá gbé kọ́ ẹ̀yìn.

Ní ti jíjà sọ́tùn-ún sósì, ó jọ pé gbogbo agbára ni mọ́tò yín fi ń yí nígbàkúùgbà. Bí àwòrán bá fẹ̀ tó píksẹ́lì 640, 320 ni àárín. Kí yíyí táyà mọ níwọ̀n bí màmá ṣe jìnnà sí àárín tó, kí ó má sì yí rárá bí wọn kò bá tíì kúrò níbẹ̀ tó 40. Ìdí tó fi ń burú sí i nítòsí ni pé ìgbésẹ̀ tó sún wọn ní píksẹ́lì 20 bí wọ́n bá wà ní mítà 4 yóò sún wọn ní 40 ní mítà 2. Nítorí náà, ẹ dín agbára yíyí kù bí wọ́n bá ti ń tóbi nínú àwòrán.

Kámẹ́rà tó ń wo ẹ̀yìn màmá kò rí gọ́tà, kò sì rí ọmọdé tó já wọ àárín. Ẹ fi sẹ́ńsọ̀ tó ń fi ìró wọn ọ̀nà síwájú rẹ̀, kí ó lè dá táyà dúró láìbi kámẹ́rà. Ẹ fi òmíràn kọjú sí ilẹ̀ nítorí gọ́tà. Bí màmá bá sì yà ní kọ́nà, kí rọ́bọ́ọ̀tì kọ́kọ́ rìn dé ibi tí wọ́n ti yà kí ó tó yà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, igun ìsọ̀ ni yóò fẹnu sọ.