Ṣé ọyẹ́ ló ń mú èèsún yọ òdòdó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìkòròdú ni mo ti ń sin ewúrẹ́. Èèsún tí mo gbìn fún wọn ti yọ òdòdó, igi rẹ̀ le, ẹran ò jẹ ẹ́ mọ́. Ẹni tó ń ta oògùn oko ní ọyẹ́ ló fà á, ó wá ta igò kan fún mi pé kí n fín. Ìdérí mélòó ni kí n pò mọ́ omi?

Ìdáhùn: Ìdérí kankan kọ́. Ẹ gbé igò náà sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kẹrin tó máa bi mí léèrè yìí, ó sì ń dùn mí bí wọ́n ṣe ń jẹ owó àgbẹ̀.

Ọyẹ́ ò mọwọ́mẹsẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá ni èèsún ti ń yọ òdòdó, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Gígùn òru ló ń wò. Ní oṣù kẹfà, ojúmọmọ wa níbí tó bíi wákàtí 12 àti ààbọ̀; nígbà tó bá fi di oṣù kejìlá, ó ti dín ní bíi ìṣẹ́jú 45. Èèyàn ò ní fura, ewé á fura. Bí òru bá ti gùn tó, ewé á ránṣẹ́ sí ọ̀mùnú pé kó yé yọ ewé, kó yọ òdòdó. Láti 1920 ni àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn méjì, Garner àti Allard, ti fi tábà àti ẹ̀wà sóyà ṣàlàyé irú èyí ní Amẹ́ríkà. Photoperiodism là ń pè é.

Yúróòpù ni ọ̀rọ̀ òtútù ti wá. Ryegrass, koríko ẹran tiwọn, gbọ́dọ̀ jẹ òtútù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ojúmọmọ sì gùn lẹ́yìn rẹ̀, kó tó yọ òdòdó dáadáa. Èèsún ò sí nínú ìyẹn. Kódà ìrèké, tí òun náà jẹ́ koríko ilẹ̀ ooru, bí òru bá tutù ju 18°C lọ, òdòdó rẹ̀ kì í fẹ́ yọ. Òtútù ń dí i lọ́wọ́ ni!

Àdá ni oògùn yín. Ẹ máa gé èèsún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ síra. Ẹ má fo ti ìparí oṣù kẹsàn-án, kí èyí tó bá hù lẹ́yìn rẹ̀ lè kéré nígbà tí òru bá ń gùn. Èyí tó ti gbó, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ pò ó mọ́ ewé àgúnmániyè. Ẹ má sì dúró de irúgbìn rẹ̀. Igi olóríkèé mẹ́ta ni kí ẹ rì mọ́lẹ̀.

Bí ẹ bá ti fín nǹkan náà, ẹ má fún ẹran jẹ níbẹ̀ o. Ẹ fi igò náà han dókítà ẹran kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.