Ṣé ọta kálíbà 20 lè ṣiṣẹ́ nínú ìbọn ọdẹ kálíbà 12 tí mo jogún ní Kétu?

Rárá o, má dán an wò. Ìbọn ọdẹ tí o jogún ní Kétu yẹn, ọta kálíbà 12 nìkan ni kó o máa fi sí i. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú ni pé bí nọ́ńbà kálíbà bá ṣe ń ga sí i ni ihò ìbọn ń kéré sí i: ti 12 fẹ̀ tó bíi mílímítà 18.5, ti 20 ò ju bíi 15.6 lọ. Ọta 20 á yọ̀ wọnú ọ̀pá, á há síbẹ̀, ẹni tó bá yẹ ìdí ìbọn wò á rò pé òfìfo ni. Bó bá wá ki ọta 12 tẹ̀ lé e tó sì yìn ín, ọ̀pá lè bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń ṣe ike ọta 20 ní àwọ̀ ìyeyè.

Tún wo gígùn ọta tí ìbọn náà ń gbà: 12/65, 12/70 tàbí 12/76 (nọ́ńbà kejì ni gígùn ọta ní mílímítà), ó sábà máa ń wà lára ọ̀pá. Má fi 76 sínú 70 bó tilẹ̀ wọlé, torí gígùn tí wọ́n kọ, ti ìgbà tí wọ́n bá ti yìn ín tí ẹnu ọta sì ti ṣí tán ni. Bí nọ́ńbà ara ìbọn bá ti pa rẹ́, gbé e fún ẹni tó ń tún ìbọn ṣe kó wọ̀n ọ́n kó o tó ra ọta kankan.