Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́: Pẹnárítì, Àwọ̀n àti Apẹ̀rẹ̀ Ọdún 1891

Ìbéèrè: Òkun o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ariyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ilé tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹnìkan ní pẹnárítì ti wà láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, èkejì ní ọdún 1891 ló dé. Ta ló jàre? Ṣé bí a ṣe ń gbá a lónìí náà ni wọ́n ṣe gbá a nígbà náà? — Òǹkàwé yín, Kàbà.

Ìdáhùn: Ẹni tó dárúkọ 1891 ló jàre. Ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún náà ni ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù fọwọ́ sí i ní Glasgow. William McCrum, gólíkípà ará Milford ní Ireland, ló dá a lábàá, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù Ireland sì gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀. Yẹ̀yẹ́ ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ fi í ṣe. Lójú àwọn ará England kan, èébú ni kí òfin gbà pé ọmọlúàbí lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe màgòmágó.

Ohun tó yí ọkàn wọn padà kò jìnnà. Ní oṣù kejì ọdún yẹn kan náà, Stoke ń bá Notts County wàákò nínú ìdíje FA Cup. Notts ti gbá góòlù kan sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù Stoke ń lọ sínú góòlù, ni agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn Notts kan bá fi ọwọ́ gbá a dúró lórí ìlà. Firikíìkì lásán ni òfin fún Stoke, ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti wáyé gan-an ni wọ́n sì gbé e sí. Gólíkípà kàn wá síwájú bọ́ọ̀lù, ó bò ó mọ́lẹ̀. 1-0 ni ó parí sí. Ọlọ́ṣà jẹ èrè olè rẹ̀.

Nípa ìbéèrè yín kejì, rárá o. Pẹnárítì 1891 kò ní ojú àmì kan ṣoṣo. Ìlà kan ni wọ́n fà já pápá láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, yáàdì 12 sí ìlà góòlù. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ há ọ̀tá, tàbí dì í mú, tàbí fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù láàárín ìlà náà àti góòlù tirẹ̀, pẹnárítì ni, ì báà jẹ́ lẹ́bàá àsíá igun pápá. Ibi tó bá wu agbábọ́ọ̀lù lórí ìlà yáàdì 12 ni yóò ti gbá a. Àwọn yòókù, yàtọ̀ sí gólíkípà, gbọ́dọ̀ dúró ní ó kéré tán yáàdì 6 sẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Rẹfirí kò sì ní fún un yín bí ẹ kò bá kígbe bẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ́ tó dákẹ́, tiẹ̀ ti lọ.

Gólíkípà ni ìyàtọ̀ tó tóbi jù. Òfin gbà á láyè láti bọ́ síwájú tó yáàdì 6. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Góòlù fẹ̀ ní yáàdì 8, ìyẹn mítà 7.32. Bí bọ́ọ̀lù bá wà ní yáàdì 12, tí gólíkípà dúró ní yáàdì 6, àárín gbùngbùn ọ̀nà ló wà, ó sì ti sọ góòlù di ìdajì lójú agbábọ́ọ̀lù: mítà 3.66 péré ni ó kù láti ṣọ́. Bí ó bá na apá méjèèjì, ó ti bo bí ìdajì ìyẹn láìfò. Kí bọ́ọ̀lù sì tó kọjá lórí rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ga ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, kó tún já wálẹ̀ sábẹ́ igi òkè láàárín yáàdì 6 tó kù. Ẹ dán an wò ní pápá: ẹ wọn okùn mítà 11 fún ìlà bọ́ọ̀lù àti mítà 5.5 fún gólíkípà. Ẹ ó rí i pé àwọn tó ń jẹ ẹ́ nígbà náà gbọ́n.

Nínú ìdíje líìgì England, John Heath ti Wolverhampton Wanderers ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án 1891, sí Accrington lára. Àléébù òfin náà kò pẹ́ hàn. Nígbà tí Stoke gba pẹnárítì sí Aston Villa lára ní ìparí ìdíje kan, gólíkípà Villa gbé bọ́ọ̀lù, ó gbá a jáde kúrò ní pápá, àkókò sì tán kí wọ́n tó rí i. Látàrí èyí ni wọ́n ṣe fi kún un ní 1892 pé kí rẹfirí fa àkókò gùn títí tí wọ́n á fi gbá a. Àmì kan ṣoṣo àti àpótí tí a mọ̀ dé ní 1902. Gólíkípà di ẹni ìlà góòlù ní 1905.

Ìbéèrè: Ní pápá wa, bọ́ọ̀lù a máa wọlé, á tún ta jáde, rẹfirí á ní kò wọlé. Ta ló tilẹ̀ kọ́kọ́ ronú kan àwọ̀n? — Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Mọpà.

Ìdáhùn: John Brodie ni, ẹnjiníà ìlú Liverpool. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1890. Ní oṣù kìíní 1891 ni wọ́n lò ó níbi ìdíje àwọn ará Àríwá àti Gúúsù England ní Nottingham. Ó dé òpin FA Cup ní 1892. Ìdí tó fi ronú rẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ yín yìí.

Ọ̀ràn tiyín kì í ṣe ti rẹfirí nìkan. Àwọ̀n tí a fà le gbandi bí awọ ìlù yóò ta bọ́ọ̀lù padà. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà ní ó kéré tán mítà kan àbọ̀ sí ìlà, kí ẹ fi èèkàn kàn án mọ́lẹ̀. Ojú àwọ̀n kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ. Bọ́ọ̀lù kò lè gba ibẹ̀ já, nítorí sẹ̀ǹtímítà 22 ni ìwọ̀n rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá ti ya níbi kan, ẹ so ó kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ hàn bó ṣe rí lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, níbi ayẹyẹ ìparí ọdún ilé-ìwé. Kí ni mo nílò? — Olùkọ́ kan, Ìsánlú.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Tíṣà. Oṣù kejìlá 1891 ni, ní Springfield ní Amẹ́ríkà. James Naismith, ọmọ Kánádà, ni wọ́n ní kó wá eré inú ilé fún ìgbà òtútù. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ jẹ́ 18, nítorí náà 9 ló dojú kọ 9.

Apẹ̀rẹ̀ èso ni wọ́n kàn mọ́ ọgbà gbàgede òkè yàrá eré, ó sì bọ́ sí ẹsẹ̀ bàtà 10, ìyẹn mítà 3.05. Gíga yẹn ló ṣì wà títí dòní, bẹ́ẹ̀ ibi tí igi ọgbà yẹn wà ni ó kàn pinnu rẹ̀! Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n lò. Ẹ ní kí ahunpẹ̀rẹ̀ hun méjì tí ẹnu wọn fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 38. Ibi tí yóò kọ́kọ́ bàjẹ́ ni ẹnu rẹ̀, nítorí bọ́ọ̀lù yóò máa lù ú: ẹ fi wáyà yí ẹnu náà ká, kí ẹ kàn án mọ́ pákó níbi mẹ́ta, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ má gé ìdí rẹ̀ kúrò. Ní Springfield, àkàbà ni wọ́n ń gùn láti yọ bọ́ọ̀lù. Ẹ lè lu ihò kékeré sí ìdí, kí ẹ máa fi ọ̀pá gún bọ́ọ̀lù jáde láti ìsàlẹ̀.

Òfin 13 ni Naismith kọ. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ kí wọ́n má baà máa ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ sáré bí tòní: ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ rìn, ibi tó ti gbà á ni yóò ti jù ú. Kò sí títi èèyàn, dídì mú, tàbí fífi ẹ̀ṣẹ́ lu bọ́ọ̀lù. Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó jáde títí tí góòlù kan yóò fi wọlé. Bí ikọ̀ kan bá ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, tí ìkejì kò ṣẹ̀ láàárín rẹ̀, góòlù ni fún ìkejì. Bí bọ́ọ̀lù bá jáde, ẹni tó kọ́kọ́ kàn án ni yóò jù ú wọlé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 5. Ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀mejì, ìsinmi 5 láàárín. Ẹ yan alákòóso méjì, ọ̀kan máa wo èèyàn, ọ̀kan máa wo bọ́ọ̀lù.

Ẹ má retí góòlù rẹpẹtẹ. 1-0 ni ìdíje àkọ́kọ́ parí, William Chase ló jù ú wọlé.

Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ni ẹ̀ṣẹ́ kan wáyé tí kò sẹ́ni tó borí? — Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún 1891, ní San Francisco, James Corbett àti Peter Jackson, adúláwọ̀ ọmọ erékùṣù Saint Croix tó gba orúkọ ní Ọsirélíà, ja ẹ̀ṣẹ́ fún abala (ráńdì) 61 láàárín bíi wákàtí mẹ́rin. Ó rẹ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí rẹfirí fi ní òun kò ka ìjà náà sí. Corbett lọ gba àmì-ẹ̀yẹ ọ̀gá ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé lọ́wọ́ John L. Sullivan ní 1892. Sullivan ti ní òun kò ní bá ènìyàn dúdú jà, nítorí náà Jackson kò ráàyè bá a wọ̀ ọ́.

Ìbéèrè: Ta ló jáwé olúborí níbi eré kẹ̀kẹ́ Paris sí Brest sí Paris? — Ẹ̀gbẹ̀.

Ìdáhùn: Charles Terront ni, ní oṣù kẹsàn-án 1891. Nǹkan bíi kìlómítà 1,200 ni, ó fi wákàtí 71 àti ìṣẹ́jú 22 rìn ín. Ẹni tó mọ ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́já, kó fojú inú lọ kó bọ̀ nǹkan bí ìgbà méje, láìsùn dáadáa. Táyà Michelin tó ṣeé tú kúrò lára rímù ló ràn án lọ́wọ́: bó bá jò, kò pẹ́ kó tó tún un ṣe. Àwọn tí táyà wọn lẹ̀ mọ́ rímù ní láti dúró kí gọ́ọ̀mù gbẹ.